Èjìká Tàbítà

Jọláadé, ọdún kẹta rèé,
mo ṣì ń fi fóònù síná lálaalẹ́,
n kò tíì pààrọ̀ nọ́ńbà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo gba ọ̀nà Kàdúná lọ,
o ní kí n fi orí ẹja sílẹ̀ fún ọ nínú ọbẹ̀.
Ó bàjẹ́ nínú ìkòkò.
Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó dà á nù.

Ọlọ́pàá kọ orúkọ rẹ sínú ìwé, wọ́n ṣì í kọ.
Àwọn ará ilé ní kí n wọ dúdú,
àwọn mìíràn ní èèwọ̀, kí n má wọ̀ ọ́.
Ẹni tí a kò rí òkú ọkọ rẹ̀, ṣé opó ni?
Ẹni tí kò gbóhùn ọkọ rẹ̀, ṣé abilékọ ni?
Oorun kọ̀ mí.
Mo ka páànù orí ilé wa láti orí ẹní:
méjìdínlógún. Ọ̀kan ń jò.

Ìjọ kan wà ní Byàzhín, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù.
Nítorí òòrùn ni mo ṣe yà síbẹ̀,
kì í ṣe nítorí Ọlọ́run,
n kò níí purọ́ fún ọ.
Pásítọ̀ Ìshákù na ìka sí mi, ó ní ẹ̀rí mi ń bọ̀
kí oṣù tó parí.
Oṣù parí.
Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Tàbítà ló tẹ̀ lé mi wálé.
Ọmọ Gbàgyí ni, kò gbọ́ Yorùbá,
Haúsá tèmi náà kò kọjá ọjà.
Ó gbé garawa omi mi lé èjìká.
Èjìká, Jọláadé, kì í ṣe orí:
àwọn baba wọn ní ọba ni orí,
a kì í di ẹrù lé ọba.
Ó sọ omi kalẹ̀, ó ní, “Sànnu.”
Ó jókòó.
Ilẹ̀ ṣú, kò lọ.

Lọ́jọ́ kejì Dóòfàn gbé ẹní tirẹ̀ wá.
Lọ́jọ́ kẹta Ìyá Nkírú dé, ó hanrun títí ilẹ̀ fi mọ́,
mo sì tẹ́tí sí i bí ẹni tẹ́tí sí òjò.
Wọ́n pín òru mi láàárín ara wọn bí iṣu.
Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo gbàgbọ́.

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wá. Kò mú Bíbélì,
ìṣó àti òòlù ló mú.
Ó gun àkàbà lọ bá páànù tó ń jò,
láti òkè ló ti wí pé,
“Ìyá, mo jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́run kò rán mi.
Ẹ dárí jì mí.”

Mo padà lọ.
Ó ka ìtàn ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà,
gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún ìjì tó gbọ́rọ̀ sí Jésù lẹ́nu.
Èmi dúró sídìí ìrọ̀rí.
Ó ti sùn kí ìgbì tó dákẹ́!
Ó sùn nígbà tí omi ṣì ń wọlé.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóṣù Kẹrin.
Mo la ojú, oòrùn ti ga,
iná ti lọ láti àṣálẹ́, fóònù ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ọkàn mi kò já.
Kì í ṣe ohun tí mo bèèrè nìyí,
ìwọ ni mo bèèrè.
Àlàáfíà yìí àti ọgbẹ́ mi jọ ń gbé yàrá kan ni,
wọn kì í bára wọn jà mọ́.

Ó kàn mí lọ́la láti gbé ẹní:
ọmọbìnrin kan wà ní Dútsé tí kò lè sùn.
Mo ti ń fi èjìká kọ́ omi gbígbé,
ó ń dà sí mi láyà, Tàbítà ń rẹ́rìn-ín.
Bí o bá pè lálẹ́ yìí, Jọláadé,
jẹ́ kó dún pẹ́ díẹ̀.
Ó lè jẹ́ pé mo ti sùn.